Orí Kẹjọ: Àpá Tó Ń Wú, Ọ̀bẹ àti Abẹ́rẹ́ Sítẹ́rọ́ìdì

Bí ẹ bá dúró sí Costain ní Èkó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, níbi tí ọkọ̀ Ọ̀yìngbò, ti Ìjọra àti ti Ojúẹlẹ́gba ti ń já èrò, ẹ má wo ojú àwọn èrò náà. Etí wọn, ìpàkọ́ wọn àti àyà wọn ni kí ẹ wò. Kò ní í pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọ̀dọ́bìnrin tó fi ìborùn bo etí kan ṣoṣo nínú ooru. Ẹ ó rí kọ̀ndọ́kítọ̀ ọkọ̀ tí àpá irun gígẹ̀ ti ki pọ̀ sí ìpàkọ́ rẹ̀ bí ẹ̀wà tí a tẹ̀ mọ́ra. Ẹ ó rí ọkùnrin tó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀, tí àpá kan sì nà sọ́tùn-ún sósì láàárín àyà rẹ̀ bí alákàn tó na ẹsẹ̀. Ọgbẹ́ tó bí àwọn àpá wọ̀nyí ti jinná tipẹ́. Àpá ni kò jinná.

Àwọn àgbà a máa ní àpá kì í jọ ara. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àpá a máa tẹ́ pẹlẹbẹ, a máa rọ̀, olúwa rẹ̀ a sì gbàgbé. Èyí tí orí yìí dá lé ni èyí tí kì í tẹ́, tí à ń pè ní kílọ́ìdì: tó ń wú, tó ń yún, tó ń ta ènìyàn lóru, tó sì ń gba ilẹ̀ tí ọgbẹ́ kò dé. A ó wo ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀, a ó sì wo bí àwọn dókítà ṣe ń fi ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ bá a jà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, kí ó má gbàgbé èyí: ọ̀bẹ nìkan kò gbọdọ̀ kan kílọ́ìdì. Ẹni tó gé e tí kò múra sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀ lẹ́yìn gígé, òmíràn ló gbìn.

8.1 Bíríkìlà tí kò gbọ́ pé ilé ti parí

Orúkọ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ni wọ́n fi ń pe Costain, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi ilé kíkọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Nígbà tí awọ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì kí ojú ọgbẹ́ lè dí. Lẹ́yìn náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á dé láti kó pàǹtírí àti kòkòrò kúrò. Ìdí nìyẹn tí ojú ọgbẹ́ fi ń pọ́n, tó ń gbóná, tó sì ń wú ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn bíríkìlà á wọlé. Sẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní fibroblast ni wọ́n. Kọ́lájìnì ni wọ́n fi ń mọlé, ohun kan tó dà bí okùn tó yi, tó ń di awọ mú kí ó má baà ya. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tò a máa rí wúruwùru, bí àtíbàbà tí wọ́n sáré pa kí òjò tó dé. Láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á máa tú u díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa fi èyí tó lágbára rọ́pò rẹ̀, títí àpá yóò fi rọ̀ tí yóò sì tẹ́.

Iṣẹ́ yìí ní ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ kéékèèké kan ni, TGF-β sì ni èyí tí àwọn onímọ̀ mọ̀ jù nínú wọn. Òun ló ń sọ fún bíríkìlà pé kí ó máa mọ lọ. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohùn rẹ̀ a máa lọ sílẹ̀ bí ọgbẹ́ bá ti dí. Lára ẹni tó ní kílọ́ìdì, ohùn náà kì í dákẹ́. Bíríkìlà ń mọ, àwọn tó yẹ kó wó àṣejù kò wó o tó, ilé sì ń yọ sójú títì. Bí ẹ bá gé kílọ́ìdì tí ẹ wo inú rẹ̀ lábẹ́ máíkíróskóòpù, kọ́lájìnì tó nípọn, tó lọ́ mọ́ra wọn bí okùn ọkọ̀ ojú omi, ni ẹ ó rí.

8.2 Àpá méjì tí a máa ń ṣì mú fún ara wọn

Kì í ṣe gbogbo àpá tó ga ni kílọ́ìdì. Àpá kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní hypertrophic scar. Nínú ìwé yìí a ó máa pè é ní àpá wíwú lásán. Ó ga, ó lè pọ́n, ó lè yún, ṣùgbọ́n kì í kúrò ní ibi tí ọgbẹ́ wà. Bí ọ̀bẹ bá gé ẹsẹ̀ ní ìwọ̀n íǹṣì méjì, íǹṣì méjì ni yóò wú. Ó sábà máa ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ọgbẹ́, ó sì lè fúnra rẹ̀ rọlẹ̀ bí oṣù ti ń gorí oṣù. Ẹni tó jóná, tàbí tí ọgbẹ́ rẹ̀ wà ní oríkèé tí awọ ti ń fà, a máa ní irú rẹ̀.

Kílọ́ìdì kì í mọ ààlà. Ihò etí tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ lè bí ohun tó tóbi tó ẹyin ẹyẹlé. Irorẹ́ kan lórí àyà lè di àpá tó gùn bí ìka. Ó lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta lè kọjá, ọdún kan lè kọjá, kí olúwa rẹ̀ tó rí i pé ibi tó ti jinná ń le sí i. Kì í sì í fúnra rẹ̀ rọlẹ̀.

Jean-Louis Alibert, dókítà awọ ará Faransé, ló fún un lórúkọ. Ní 1806 ó ṣàpèjúwe rẹ̀, ó sì kọ́kọ́ fi orúkọ tó jọ mọ́ jẹjẹrẹ pè é. Nígbà tó yá, ó rí i pé kì í ṣe jẹjẹrẹ, ó sì mú orúkọ tuntun láti inú èdè Gíríìkì, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọwọ́ alákàn, nítorí bó ṣe ń na ọwọ́ sí awọ tó yí i ká. Ẹ jẹ́ kí aláìsàn gbọ́ apá yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń bọ̀ ní kílíníìkì pẹ̀lú ẹ̀rù tí wọn kò lè fẹnu sọ, pé ohun tó ń dàgbà lára wọn yóò pa wọ́n. Kílọ́ìdì kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ran ẹlòmíràn, kò sì ti ọwọ́ ayé wá.

8.3 Ibi tó fẹ́ràn, àti ohun tí olóolà ti mọ̀

Awọ dúdú ló máa ń ní i jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí àwọ̀ tí kò lè mú. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ọdún. Ó ń rìn nínú ìdílé: kí a béèrè bóyá ìyá ní i kí ọmọ tó lu etí. Ibi tó fẹ́ràn ni ìsàlẹ̀ etí, àárín àyà, èjìká, apá òkè níbi tí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ̀yìn, àgbọ̀n àti ìpàkọ́. Ní ìpàkọ́, irun tí wọ́n gẹ̀ mọ́lẹ̀ jù ló ń yí padà wọnú awọ, ó ń dá egbò kéékèèké sílẹ̀, egbò náà sì ń di àpá. Onígbàjámọ̀ tó bá fi klípà sílẹ̀ díẹ̀ sókè awọ ti ṣe ìtọ́jú kan tí dókítà kò lè ṣe.

Nǹkan kan wà tó máa ń yà mí lẹ́nu bí mo bá wo ojú àwọn bàbá wa tó kọ ilà. Pélé, àbàjà, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́: ọ̀bẹ olóolà wọlé dáadáa, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ lára ilà wọ̀nyí tẹ́ pẹlẹbẹ, wọn kò wú. Omi ìgbín ni olóolà máa ń fi sí ojú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn mọ̀ lónìí, a ó rí i pé ohun méjì mìíràn wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ ní ilà, kílọ́ìdì sì ṣọ̀wọ́n lára ọmọ ọwọ́. Àárín ojú sì jẹ́ ibi tí kílọ́ìdì kì í sábà yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí lílu: ìyá wa tó lu etí ọmọbìnrin ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìkómọ ń ṣe é ní àkókò tó sàn jù. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2005 fi hàn pé àwọn tó lu etí lẹ́yìn tí wọ́n pé ọdún 11 ni kílọ́ìdì mú jù. Ihò kejì àti ìkẹta, èyí tí ọ̀dọ́ ń lu fún oge ní ọmọ ọdún 15 tàbí 18, ni ó ń bí ọ̀pọ̀ àpá tí a rí ní Costain. Èyí kì í ṣe pé kí a padà sí ilà kíkọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 ní Nàìjíríà ti ka ilà kíkọ sí ara ọmọ léèwọ̀, ó sì dára bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà ilé wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Prosper Omo-Dare, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Èkó, kọ àpilẹ̀kọ kan ní 1973 nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, lórí ohun tí Yorùbá ti fi kún ìmọ̀ kílọ́ìdì. Ní 1975 ó kọ òmíràn sínú ìwé ìròyìn kan náà, lórí bí àpá yìí ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ẹ wo ọdún náà. Ìmọ̀ yìí kò dúró de ẹnikẹ́ni láti òkèèrè kí ó tó wà ní Èkó.

8.4 Ìdí tí ọ̀bẹ nìkan fi ń tan ni

Kò sí ohun tó rọrùn lójú bíi gígé. Ó yọ síta, ó dá dúró, ìdí rẹ̀ tinrín; èéṣe tí a kò fi ní gé e sọnù? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ohun tó fa kílọ́ìdì kò sí nínú kókó tó yọ. Ó wà nínú bí awọ olúwa rẹ̀ ṣe ń dáhùn sí ọgbẹ́. Ọ̀bẹ dókítà náà ọgbẹ́ ni. A gé àpá tí ihò abẹ́rẹ́ kan bí, a sì fi ojú ọgbẹ́ tó gùn ju ihò abẹ́rẹ́ lọ sílẹ̀. Àwọn ìwádìí tí wọ́n ti ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún fi hàn pé bí a bá gé kílọ́ìdì láìṣe nǹkan mìíràn sí i, ó ń padà wá lára ìdá 45 sí ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a gé e fún. Ó sì sábà máa ń tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mo ti rí etí kan tí wọ́n gé lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n gé e dáadáa lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọwọ́ ẹni tó gé e dára, ojú ìrán rẹ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó sọ fún ọmọ náà pé kó padà wá. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀, ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ kò kù mọ́. Inú mi kò dùn títí di òní bí mo bá rántí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ì bá gbà á.

Èyí tó tún burú ni ohun tí àwọn kan ń ṣe nílé. Ẹni tó fi òwú so ìdí rẹ̀ kí ó lè kú já, ọgbẹ́ tuntun ló dá. Ẹni tó ń fi ìpara ìbóra pa á, tí sítẹ́rọ́ìdì líle wà nínú rẹ̀, ìpara náà kò lè wọnú àpá tó nípọn; awọ tó yí i ká ni yóò jẹ.

8.5 Abẹ́rẹ́: ohun tó ń sọ fún bíríkìlà pé ó tó

Ara wa fúnra rẹ̀ ń ṣe sítẹ́rọ́ìdì, nínú ẹṣẹ́ kékeré kan tó jókòó lórí kíndìnrín. Ní 1948, ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, Philip Hench fún aláìsàn àkọ́kọ́ ní kọ́tísóònù, tí í ṣe ọ̀kan lára wọn, nítorí oríkèé tó ń ro ó. Òun, Edward Kendall àti Tadeus Reichstein gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì rí i pé wọ́n lè fi iṣu igbó ilẹ̀ Mẹ́síkò ṣe oògùn náà, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Iṣu ló sọ sítẹ́rọ́ìdì di ohun tí ọwọ́ ń tó. Nígbà tó fi di àárín ọdún 1960 sí 1970, àwọn dókítà ti ń gún ọ̀kan nínú ẹbí oògùn yìí, triamcinolone, sínú kílọ́ìdì tààrà.

Iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni pé ó ń pa iná ọgbẹ́, ó ń dín ìránṣẹ́ tó ń pariwo kù, ó ń mú kí bíríkìlà dẹwọ́, ó sì ń jẹ́ kí kọ́lájìnì tó ti pọ̀ jù máa tú. Ìyún àti ìrora ló máa ń kọ́kọ́ lọ, nígbà mìíràn kí àpá náà tó rọlẹ̀ rárá. Aláìsàn tó bá sùn mọ́jú fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan yóò padà wá gba ìkejì.

Oògùn náà máa ń wà ní ìwọ̀n mílígíráàmù 10 sí 40 nínú mìlílítà kan, a sì lè fi oògùn tó ń mú ara kú là á. Ohun tó yẹ kí nọ́ọ̀sì àti dókítà ọ̀dọ́ mọ̀ ni pé kílọ́ìdì le bí rọ́bà. Sírínjì tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò dè pinpin yóò fọ́n oògùn sí ojú ẹni tó ń gún un. Inú kókó náà gan-an ni abẹ́rẹ́ gbọdọ̀ wà, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀: bí oògùn bá bọ́ sí ọ̀rá abẹ́ awọ, ibẹ̀ yóò jin kòtò, kílọ́ìdì yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Bí ó bá wọlé dáadáa, ojú àpá náà á funfun díẹ̀. A ń tún un gún ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà síra, títí tí yóò fi tẹ́.

Ó ní wàhálà tirẹ̀, kò sì yẹ kí a fi pamọ́ fún aláìsàn. Ó ń dùn. Awọ ibẹ̀ lè tinrín, ó lè pọ́n ju ara yòókù lọ, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké sì lè hàn. Nǹkan oṣù obìnrin lè ṣe ségesège. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọdọ̀ máa ṣọ́ ṣúgà rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, nítorí ó lè gòkè. Àpá kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wú lè gbọ́ ti abẹ́rẹ́ nìkan. Àgbàlagbà àpá tó ti tóbi kò sábà gbọ́ tán, níbẹ̀ sì ni ọ̀bẹ ti wúlò.

8.6 Nígbà tí ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ bá pàdé

Ẹ jẹ́ kí a fi ọmọ ọdún 19 kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jókòó ní kílíníìkì fún ọ̀sẹ̀ kan yóò pàdé bíi tirẹ̀. Ó lu ihò kejì sí etí ní ọmọ ọdún 16. Kókó yọ lẹ́yìn etí. Ilé ìwòsàn kékeré kan gé e. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ó ti padà, ó sì ti di ìlọ́po méjì. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé nítòsí Costain.

Ibi tí wọ́n lè lọ kò jìnnà. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́tà, tí í ṣe ilé ìwòsàn rélùwéè tẹ́lẹ̀, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀. Wọ́n lè kọ lẹ́tà fún wọn níbẹ̀. Bí wọ́n bá gba Funsho Williams Avenue (Western Avenue àtijọ́) dé Ojúẹlẹ́gba, wọ́n lè yà sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, tàbí kí wọ́n bọ́ sí Ìkòròdú Road dé Ìgbóbì. Ọgbẹ́ ogun ló bí Ìgbóbì: àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun àgbáyé kejì ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú níbẹ̀ kó tó di ilé ìwòsàn egungun ní 1945, ó sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú iná àti iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara.

Dókítà kò sọ̀rọ̀ ọ̀bẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá sọ pé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa yọ ọ́ lónìí, ọmọ yìí kì í jáde mọ́.” Èsì tó gbà ni, “Ìyá, a ó yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ ọ́ lónìí tí ẹ kò sì lè máa wá lóṣooṣù, mo ti ṣe yín níbi. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi bóyá ẹ ó lè máa wá.” Ọ̀rọ̀ yìí ni apá àkọ́kọ́ ìtọ́jú náà. Owó ọkọ̀, ìdánwò yunifásítì, ọjà tí ìyá ń pàtẹ: gbogbo rẹ̀ ni dókítà gbọdọ̀ béèrè.

Àwọn mìíràn á fi abẹ́rẹ́ mélòó kan rọ kókó náà kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó dé. Ní ọjọ́ náà, wọ́n ń fi oògùn pa etí náà kú, ọmọ náà kò ní sùn. Oníṣẹ́ abẹ lè gé inú kílọ́ìdì kúrò kí ó sì fi bèbè rẹ̀ tinrín sílẹ̀ yíká, dípò kí ó gé wọnú awọ tó dára. Ó lè ṣí awọ tó bo kókó náà bí ìwé, kí ó yọ inú rẹ̀, kí ó sì fi awọ yẹn kan náà bo ojú ọgbẹ́, kí ohunkóhun má baà fà. Fífà ni ọ̀tá jù lọ níbi iṣẹ́ yìí: awọ tí a fà pọ̀ tipátipá ń ké sí bíríkìlà. Okùn ìrán kò gbọdọ̀ pọ̀ ju bó ti yẹ lọ. Àwọn kan ń gún triamcinolone sí etí ọgbẹ́ lórí tábìlì. Àwọn mìíràn ń dúró di ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú okùn, kí ọgbẹ́ má baà là, nítorí sítẹ́rọ́ìdì a máa fa jíjinná sẹ́yìn.

Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ oṣooṣù, fún bí oṣù mẹ́fà. Láàárín rẹ̀, ọmọ náà lè lo yẹtí tó ń fún ibẹ̀ pọ̀ tàbí abala sílíkónì tó ń lẹ̀ mọ́ awọ, fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ó gbọdọ̀ máa fọwọ́ kan ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kí ó sì sáré wá bí ó bá rí ibi tó ń le tàbí tó ń yún, kí ó má dúró di ọjọ́ tí wọ́n fún un. Ọdún méjì ló yẹ kí wọ́n fi máa ṣọ́ ọ.

Bí èyí náà kò bá ràn án, ìtànṣán wà. A ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 24 sí 48 lẹ́yìn gígé, kí bíríkìlà tó gbéra. Ó wà lára àwọn ọ̀nà tó ń dí ìpadàbọ̀ rẹ̀ jù, ṣùgbọ́n a kì í fi ṣe ọmọdé tàbí aboyún, ó sì fẹ́ kí oníṣẹ́ abẹ àti oníṣẹ́ ìtànṣán ti mú ọjọ́ pọ̀ kí ọ̀bẹ tó kan awọ. Òtútù líle tó ń pa àpá, àti oògùn 5-FU tí wọ́n ń pò mọ́ triamcinolone, tún wà níbẹ̀ fún àwọn àpá olórí kunkun.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Bàbá ọlọ́dún 52 kan, tó ní àtọ̀gbẹ, wá pẹ̀lú àpá tó nà ní àárín àyà rẹ̀. Ó ní irorẹ́ ló fà á ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó ń yún un lóru, kò sì bìkítà nípa bó ṣe rí, kó sáà jẹ́ kí òun sùn. Ṣé ọ̀bẹ ni ẹ ó kọ́kọ́ dá lábàá fún un? Kí ni ẹ ó sọ fún un nípa ṣúgà rẹ̀, kí sì ni ìwọ̀n àṣeyọrí tí òun fúnra rẹ̀ béèrè?

Ìyá ìkókó kan béèrè lọ́wọ́ yín bóyá kí òun lu etí ọmọ òun ní báyìí tàbí kí òun dúró kó dàgbà kó fúnra rẹ̀ yàn. Òun fúnra rẹ̀ ní kílọ́ìdì léjìká. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó sọ fún un, ní èdè tí òun yóò gbọ́, ní ìlà mẹ́wàá.

Ẹ lọ bá onígbàjámọ̀ kan ní àdúgbò yín. Ẹ béèrè bó ṣe ń fọ klípà rẹ̀, bó ṣe ń gẹ ìpàkọ́, àti ohun tó máa ń sọ fún oníbàárà tí àpá ti ń yọ níbẹ̀. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.